GnuCash, Odoo tàbí ERPNext: èwo lẹ máa kó ìwé owó oníbàárà yín sí?

Bí ẹ bá ń bójú tó ìwé owó fún iléeṣẹ́ kéékèèké, tí Peachtree (Sage 50) tàbí QuickBooks sì ti sú yín, àwọn sọ́fíwíà ìwé owó mẹ́ta yìí lẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Kóòdù wọn ṣí sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Àmọ́ owó sáfà àti owó ẹni tó máa tún un ṣe tó bá ta kókó, àpò yín ló ti máa jáde.

GnuCash ló fúyẹ́ jù. Orí kọ̀ǹpútà kan ló ń gbé, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń kọ débíìtì àti kírẹ́díìtì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa lo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè sọ iye àpò símẹ́ǹtì tó kù ní stóò. Ìròyìn owó tí kò bá sí níbẹ̀, Scheme, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ n'Íbàdàn, ká wò ó.

Odoo, ti Bẹ́ljíọ̀mù, ló dùn-ún wò jù. Ibẹ̀ lomi ti ń tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹ̀dà Community tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ínfọ́ísì àti owó sísan. Balance sheet rẹ̀ wà nínú ẹ̀dà Enterprise tí wọ́n ń tà. Àwọn OCA (Odoo Community Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Odoo tí wọ́n sì ń kọ kóòdù fún un) ti kọ module, ìyẹn àfikún, tó dí àlàfo yẹn, iṣẹ́ gidi sì ni, àmọ́ ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ẹ ó sì máa yẹ gbogbo module wò kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ẹ̀dà tuntun.

Fún ẹni tó ń tajà, ERPNext lèmi máa mú. Frappe, ní Mumbai, ló ń ṣe é; ìwé owó, stóò, rírà àti títà, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́. VAT 7.5%, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tò ó. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù máa hàn lórí ínfọ́ísì, ẹ lọ sí Customize Form, ẹ fi àyè kan kún un. Kò ní parẹ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè sí ẹ̀dà tuntun. Kóòdù ìpìlẹ̀ ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn. Àléébù ẹ̀ ni pé orí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí Windows.

Tẹ́ ẹ bá ń kó ìwé wọ ERPNext, ẹ má kó ìtàn ọdún márùn-ún wá. Ẹ ti ìwé àtijọ́ pa lópin ọdún, ẹ kó bálánsì nìkan. Gbèsè tí wọ́n jẹ oníbàárà yín, ẹ má kó o wọlé lápapọ̀: ẹ to ínfọ́ísì kọ̀ọ̀kan sínú Opening Invoice Creation Tool, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tí wọ́n ń san. Lẹ́yìn náà ni stóò. Àkáǹtì Temporary Opening, ìyẹn àkáǹtì onígbà díẹ̀ fún bálánsì ìbẹ̀rẹ̀, ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, òdo ló gbọ́dọ̀ kù níbẹ̀. Bó bá ṣẹ́ ku náírà kan péré, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n já ínfọ́ísì tuntun.

Ẹ fi Peachtree yẹn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan fún kíkà. Ọdún 6 ni òfin Nàìjíríà ní kí iléeṣẹ́ fi tọ́jú ìwé owó.