GPS àbí aago kọ̀ǹpútà kan, èwo ni ká fi mú kí aago àwọn kọ̀ǹpútà bára mu níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to kọ̀ǹpútà pọ̀ n'Ífẹ̀, ẹ lè fi ọ̀kan ṣe olórí, kẹ́ ẹ kọ local stratum 10 (àṣẹ tó ń jẹ́ kó lè fún àwọn yòókù ní àkókò láti inú aago tiẹ̀) sínú chrony ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú kí aago kọ̀ǹpútà bára mu, káwọn yòókù máa wo aago tiẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀, gbogbo wọn á sì bára mu, àmọ́ aago ẹ̀ lè fi bí ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á wá jọ ṣìnà ni. Tí bátìrì inú olórí yìí bá ti kú tí iná sì lọ, aago ẹ̀ ò ní mọ àkókò mọ́, wàhálà gidi nìyẹn o!

GPS ń gba àkókò tó péye látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, àmọ́ owó ni, áńtẹ́nà ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rójú ọ̀run, ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrá.

Tó bá jẹ́ kí àkókò orí fáìlì àti lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe) bára mu nìkan, olórí ti tó. Tẹ́ ẹ bá máa fi àkókò yín wé ti ibòmíì, ẹ ra GPS.