Ooru ni wọ́n fi jó kókó àkọ́kọ́, òtútù ni wọ́n fi pa ìkejì

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ló ń bá mi jà. Kókó àkọ́kọ́ tó yọ, ooru ni wọ́n fi jó o. Nígbà tí òmíràn tún yọ, òtútù ni wọ́n lò, níbí ní Houston. Níwọ̀n bí wọ́n ti ṣe méjèèjì fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ìdí tí wọ́n fi yan òtútù ni pé kókó kejì fara ti àpò òróòro. Dókítà ní ooru lè ràn débẹ̀, òun ò sì ní rí ibi tó máa dúró sí lójú ẹsẹ̀. Ti òtútù yàtọ̀: ibi tó bá ti dì máa ń ṣókùnkùn lórí àwòrán CT (ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara), ó sì rí roboto bí ẹyin.

Wọn ò la ikùn mi rárá. Wọ́n kùn mí lóorun, wọ́n wá ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín egungun ìhà mi wọ inú kókó náà. Gáàsì argon ló wà nínú abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Tí gáàsì tí wọ́n ti há mọ́lẹ̀ bá ráyè fẹ̀ lójijì níwájú abẹ́rẹ́, ó máa ń tutù kọjá dígírì 100 sísàlẹ̀ òdo. Wọ́n á mú un dì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á tún mú un dì lẹ́ẹ̀kejì. Yíyọ́ yẹn gan-an wà lára ohun tó ń pa jẹjẹrẹ, torí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ ọ á ti dí.

Nígbà tí wọ́n fi àwòrán hàn mí, mo rí i pé yìnyín náà ju kókó lọ yí ká. Mo ní, “Dókítà, ṣé kò ti pọ̀ jù?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní etí yìnyín kò tutù ju òdo lọ, òdo kò sì pa jẹjẹrẹ. Ó fẹ́ kí òtútù tó tó 40 sísàlẹ̀ òdo bo kókó náà látòkè délẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ kí yìnyín kọjá ààlà.

Ní ti ìrora, òtútù sàn jù fún mi, kò tiẹ̀ jọra. Lẹ́yìn ti ooru, èjìká ọ̀tún ló ń ro mí ṣáá, tí n kò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lẹ́yìn ti òtútù, ìhà mi kàn wúwo, parasitamọ́ọ̀lù sì ká a. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, òtútù mú mi, ara mi gbóná, ìyàwó mi ní, “Baba Tóbi, ibà rèé o!” Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé platelet mi, èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá dúró, ti lọ sílẹ̀, ni wọ́n bá dá mi dúró. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi ṣe é fún kókó ńlá: bí ibi tó dì bá fẹ̀ jù, ẹ̀dọ̀ lè sán, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn láìdúró, kíndìnrín náà lè dẹnu kọlẹ̀.

Wàhálà tó le jù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mi ni mo ti rí i. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ pé ti ooru ni wọ́n mọ̀, àfìgbà tí dókítà bá wọn fà á lórí fóònù. Ìwé owó sì ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti yàrá, ti ẹni tó kùn mí lóorun, ti ẹni tó wo fọ́tò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí oògùn ìyanu o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tó jáde lọ́dún 2015, pín èèyàn 360 sí ooru àti òtútù. Kókó tó padà hù síbi tí wọ́n ti tọ́jú kéré sí i lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n lo òtútù fún, ṣùgbọ́n ní ti bí ẹ̀mí wọn ṣe gùn tó, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Kókó ni òtútù ń pa, kì í ṣe ohun tó bí i. Hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló bí tèmi, ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, tenofovir ni mo sì ń lò lójoojúmọ́ láti fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kan n'Íbàdàn bi mí bóyá kóun máa bọ̀. Kókó tiẹ̀ ti tóbi, ó ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ta ilé nítorí èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo rọ̀ pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n bá hepatitis B níbẹ̀, kókó ò tíì sí, wọ́n sì ń ya fọ́tò ẹ̀dọ̀ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà báyìí.