Batocera àbí GOG, èwo ni ká fi gbá géèmù láìsí dátà?

Dátà ti wọ́n l'Óṣogbo yìí, géèmù tí ò ní bi mí ní íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń wá. Batocera, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni, orí fúláàṣì lèèyàn ń kọ ọ́ sí, ibẹ̀ náà ló ti máa gbéra láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ, o ki páàdì bọ̀ ọ́, ó wá dà bíi PlayStation ayé àtijọ́, àmọ́ ìwọ lo máa wá géèmù fúnra ẹ o.

GOG ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Owó ni, ṣùgbọ́n tó o bá ti dáńlóòdù géèmù ẹ lẹ́ẹ̀kan (sọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi l'Ókè-Fìà ni mo ti ń ṣe tèmi), ó parí. Èyí tí wọ́n bá ṣe fún Windows nìkan, tó bá jẹ́ Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ dípò Windows, ètò kan tó ń jẹ́ Wine lo máa fi ṣí i, ìyẹn sì máa ń ṣe ségesège nígbà míì. Àwọn àbúrò mi ló ni Batocera, GOG ni tèmi.