Àwọn ọdẹ tó wá yìnbọn níbi òkú bàbá wa: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí

Lóṣù tó kọjá la sin bàbá wa nílùú wa, kò jìnnà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ọdẹ sì ni bàbá títí tójú wọn fi di bàìbàì, torí náà kò sí bá a ṣe fẹ́ sin wọ́n tí ìbọn ò ní dún. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ bá ẹgbẹ́ ọdẹ sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ yẹn torí nǹkan kan tí mo máa sọ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pe ọdẹ síbi òkú bàbá tiẹ̀, kó fara balẹ̀ kà á.

₦120,000 ni wọ́n gbà, ẹ̀tù wà nínú ẹ̀, ajá Ògún, obì, orógbó àti ẹmu ló wà lọ́tọ̀, kò sì wọ́n lójú tèmi torí ọdẹ mọ́kànlá ló wá. Aago mẹ́wàá la jọ ṣe àdéhùn, aago mẹ́sàn-án ò tíì kọjá tá a ti gbọ́ ìró ìbọn àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ìlú, màmá wa tí wọn ò tíì sunkún láti ọjọ́ tí bàbá ti kú bú sẹ́kún, wọ́n ní ìgbà yẹn gan-an làwọn tó gbà pé ọkọ àwọn ti lọ.

Ìbọn ṣakabùlà ni gbogbo ẹ̀, èyí táwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, tí wọ́n ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí. Bàbá olórí ọdẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ìbọn sílẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé kò sí ọta nínú ìkankan kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n ki í, ẹ̀tù pẹ̀lú àkísà nìkan. Mo béèrè láìsẹ́ǹsì, bàbá yọ ìwé jáde lápò láìbínú. Ẹ máa béèrè o, torí òfin ìbọn 1959 ò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ìsọ̀rí tiẹ̀ ló wà, àmọ́ ó nílò ìwé.

Ibi tí wọ́n ti wú mi lórí ni alẹ́, nígbà ìṣípà ọdẹ, ìyẹn ètò tí àwọn ọdẹ fi ń ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú. Ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, tí wọ́n sun, wọ́n dárúkọ igbó tí bàbá ti ṣọdẹ, wọ́n dárúkọ ẹfọ̀n tó lé wọn gun igi, èmi ọmọ wọn ò gbọ́ ìtàn yẹn rí! Bàbá olórí ọdẹ wá jókòó tì wá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, láti 1877 dé 1893, pé ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ, pé nígbà tí Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ borí, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló fi ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ti ìdí ki ọta sí, kéèyàn tó ki ṣakabùlà ẹyọ kan tán, ìyẹn á ti dún lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ohun tó jẹ́ kí Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àtàwọn ọmọ ogun ẹ̀ lè dúró nìyẹn. Àbúrò mi tó ń gbé Texas ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún ẹ̀tọ́ aráàlú ni ìbọn, ó ti wà nínú òfin Amẹ́ríkà láti 1791." Mo ní tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, tiwa, iṣẹ́ ni, Ògún ló ni ín, ẹni tí wọn ò bá sì fi jẹ ọdẹ kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbé e kọ́ èjìká. Ohun tí mo gbà nìyẹn tọkàntọkàn, òun náà ò sì jà mí níyàn.

Wàyí o, ohun tó bà mí nínú jẹ́. Ọmọkùnrin kan nínú wọn ń ya fídíò, ó ń fi ìbọn tó ti ki ṣeré, ó kọjú ẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń se ọbẹ̀. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ kọ òun? Àǹtí mi kan sá, ó ṣubú, ọwọ́ ẹ̀ wú. Ẹ wò ó, àkísà tó ń jáde lẹ́nu ìbọn yẹn lè ṣeni léṣe, kí ọta tiẹ̀ máà sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n tún gbé àdò ẹ̀tù sí tòsí iná àdògán! Bàbá olórí ọdẹ gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ yẹn lójú ẹsẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún màmá wa, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lóore, àmọ́ kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì mọ ìbọn í mú wá síbi tí èrò wà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màá tún pè wọ́n nígbà ìrántí ọdún kan, àmọ́ ilé ìdáná á wà lẹ́yìnkùlé, àwọn àgbà nìkan ló máa yìnbọn, mo sì ti sọ ọ́ fún bàbá olórí ọdẹ, wọ́n gbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọdẹ fún December, ẹ tètè lọ bá wọn sọ̀rọ̀ o, torí òde máa ń pọ̀ lọ́rùn wọn nígbà yẹn.