Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún kọfí “àárọ̀ yìí la yan án”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá ojúlówó kọfí kiri bẹ́ ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó yọwó. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, mi ò fẹ́ kí wọ́n lu ẹlòmíì.

Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì tí mo dé sí ló júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún mi. (Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé wọ́n ń fún un ní nǹkan lórí àlejò kọ̀ọ̀kan tó bá rán wá.) Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń yan kọfí wà lójú fèrèsé, ó ń dán gbinrin. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé: “Àárọ̀ yìí la yan án.” Mo ra àpò mẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Blue Mountain, kọfí olókìkí ti Jàmáíkà.

Mo délé, mo lọ̀ ọ́, mo da omi gbígbóná lé e. Kò wú, kò hó, ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹrẹ̀. Kọfí tí wọn ò tíì yan pẹ́ ṣì ní gáàsì nínú, òun ló ń mú un wú bómi bá kàn án. Bó bá ti pẹ́ jù, gáàsì á ti sá lọ. Mo wá fi ṣe espresso, ìyẹn kọfí líle tí ẹ̀rọ ń fipá ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe é: gíráàmù 18 kọfí lílọ̀ wọlé, gíráàmù 36 kọfí olómi jáde, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Ìṣẹ́jú àáyá 12 péré ló fi dà jáde wọ̀ọ̀. Ìfófó orí rẹ̀ ti pòórá kí n tó gbé ife sílẹ̀.

Inú bí mi. Mo fi èékánná ṣí sítíkà ọjọ́ tó wà lẹ́yìn àpò. Sítíkà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀! Oṣù méje ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ náà. Ó tutù nini. Ìwé ìpolówó ni wọ́n tò sínú abọ́ tó yẹ kí wọ́n ti máa fẹ́ kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ojú mi rí i, ọkàn mi ò gbé e. Ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn gan-an ì bá ti ta mí lólobó, nítorí kọfí espresso nílò ìsinmi ọjọ́ mélòó kan, tó tó ọ̀sẹ̀ kan nígbà míì, lẹ́yìn tí wọ́n bá yan án tán. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi “àárọ̀ yìí” yangàn fún oníespresso.

Ní ti orúkọ ńláńlá, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Ní Hawaii, ó ti pẹ́ tí òfin ti gba oníṣòwò láyè láti kọ “Kona blend” (àdàlù Kona, ìyẹn kọfí olókìkí tí wọ́n ń gbìn lágbègbè Kona níbẹ̀) sára àpò tí ìdá 10 péré nínú 100 rẹ̀ jẹ́ Kona. Lọ́dún 2019, àwọn àgbẹ̀ Kona gbé àwọn oníṣòwò kan lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n ń pe kọfí tí kì í ṣe Kona ní Kona.

Ọjọ́ tí wọ́n yan án ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ tẹ àpò díẹ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn ohun tó ń jáde lẹ́nu fáàfù rẹ̀, ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde. Kóró tó ń yọ òróró lè jẹ́ tuntun bí wọ́n bá yan án dúdú, ẹ má fìyẹn nìkan dájọ́. Àmọ́ bí mílíìkì gbígbẹ bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ espresso tí wọ́n fi ń fẹ́ ooru sínú mílíìkì, ẹ yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé àṣìṣe sítíkà ni, pé àwọn á fún mi ní àpò kan lọ́fẹ̀ẹ́ bí mo bá tún padà wá.