miRBase fún ẹni tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀: ẹ lò ó, àmọ́ ẹ la ojú yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì lórí microRNA (miR, àwọn RNA kéékèèké tó máa ń dín iṣẹ́ jíìnì kù) nínú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ẹ jẹ́ n bá yín sọ díẹ̀ nípa miRBase, ìkànnì tí wọ́n kó orúkọ àti lẹ́tà àwọn microRNA jọ sí. Ọ̀fẹ́ ni o, kò sí pé wọ́n ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, Yunifásítì Manchester n'Ílùú Ọba ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló fi gbà mí lọ́kàn jù. Àwọn pépà àtijọ́ á kàn kọ miR-145 tàbí miR-21* sílẹ̀, ẹ ò ní mọ èwo gan-an ni wọ́n ń sọ, torí inú hairpin kan ṣoṣo (okùn RNA tó ṣẹ́ po mọ́ra) ni apá 5p àti apá 3p, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ti máa ń jáde. Ẹ tẹ miR-21 síbẹ̀, á kó méjèèjì síta tòun ti lẹ́tà wọn, ẹ ó rí i pé 21* ọjọ́sí ló di 21-3p, tí 5p náà sì ní nọ́ńbà tiẹ̀, MIMAT0000076, tó jẹ́ pé bí wọ́n yí orúkọ padà òun ò ní yí. Kẹ́ ẹ tó ra primer (ègé DNA kékeré tí wọ́n fi ń wọn miR), ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà jàre, owó primer kì í ṣe owó gúgúrú!

Ó tún máa ń fi aládùúgbò hàn. miR-143 àti miR-145 tí wọ́n jọ máa ń lọ sílẹ̀ nínú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà lórí krómósómù 5. Àwọn miR-200 tó ń ká jíìnì ZEB1 àti ZEB2 lọ́wọ́ kò kí sẹ́ẹ̀lì má baà ṣí kúrò níbi tó wà ní tiwọn pín sójú méjì, krómósómù 1 àti 12.

Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ má gbára lé e nìkan. Ó lè fi gbólóhùn tí wọ́n fà yọ látinú pépà hàn yín, bíi pé miR-21 máa ń pọ̀ sí i nínú jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ má retí pé á kìlọ̀ fún yín pé sẹ́ẹ̀lì iṣan ló ní miR-145 jù, tó fi jẹ́ pé tí ẹran tí wọ́n gé fún yín ò bá ní iṣan tó, nọ́ńbà á já wálẹ̀ láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ gan-an ló fà á. Ìyẹn, pépà lẹ máa lọ kà.

Version 22 tó jáde ní 2018 ni mo lò, hairpin ti èèyàn nìkan níbẹ̀ jẹ́ 1,917, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló sì jẹ́ ojúlówó. Àwọn fúnra wọn ti fi àmì high confidence sára àwọn tó dá wọn lójú, MirGeneDB, àkójọ microRNA míì, sì le jù wọ́n lọ nínú ohun tó ń gbà wọlé, tiẹ̀ kéré gan-an sí ti ibí.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá wá rí miR tí nọ́ńbà ẹ̀ ti wọ 4000 sókè, tí kò lámì kankan lára, ẹ bi MirGeneDB wò kẹ́ ẹ tó náwó lé e o.