Kọntírólà TDS lára bọ́ílà wa ní Kàbà: ohun tí mo rí nípa rẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kajú ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti agbègbè wọn, tí ẹ sì ń fi ooru bọ́ílà sè é kí ẹ tó pa á. Láti ìgbà kajú tó kọjá la ti ń lo kọntírólà TDS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wo iyọ̀ tó yòrò sínú omi bọ́ílà, tó sì ń ṣí fáàfù blowdown (èyí tó ń da omi oníyọ̀ nù) fúnra rẹ̀. Ó tó owó tí a san. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn máa rà kó wá káwọ́ gbera.

Bí omi bá ti ń di ooru, ooru nìkan ló ń jáde. Iyọ̀ inú omi bohóòlù á kù sẹ́yìn, á sì máa pọ̀ sí i. Bó bá pọ̀ jù, omi á máa yọ fófó, á sì bá ooru lọ sínú páìpù. Ooru tó lómi nínú máa ń rin kajú gbindin, yóò pẹ́ kó tó gbẹ, ọmọ rẹ̀ á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ odindi ló lówó lórí. Omi tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbé iná mànàmáná dáadáa. Ohun tí probe ẹ̀rọ náà (irin tí a kì bọ inú omi bọ́ílà) ń wọ̀n nìyẹn.

Àwọn kan á ní, “A ti ní softener (ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀), kí la tún ń wá?” Softener kì í dín iyọ̀ kù o. Sodium ló ń fi rọ́pò calcium àti magnesium kí èépá má baà lẹ̀ mọ́ páìpù. Nọ́ńbà orí mítà ò ní tìtorí ẹ̀ wálẹ̀.

Ìṣirò ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé ká rà á. Ooru tó bá ti wọ inú kajú kì í padà wá mọ́, nítorí náà omi tuntun ṣáá là ń ta wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ sì tó 500 µS/cm, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná tó. Ìwé bọ́ílà wa gbà wá láyè dé 3,500. Ẹ yọ 500 kúrò nínú 3,500, ó ku 3,000: ìyẹn ni iyọ̀ tí omi tí a dà nù ń kó lọ ju èyí tó gbé wọlé lọ, nígbà tí omi tó di ooru ń fi 500 sílẹ̀. 500 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀. Ìyẹn ni pé fún 600 kìlógíráàmù ooru, omi 100 kìlógíráàmù la gbọ́dọ̀ dà nù. Nígbà tí a ń fọwọ́ ṣí fáàfù, ẹ̀rù kì í jẹ́ ká fi sílẹ̀ kọjá 2,000. Ẹ tún un ṣírò: 500 nínú 1,500, ìdá kan nínú mẹ́ta, 200 kìlógíráàmù fún ooru kan náà. Bí prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà bá sì wà ní bar 7, omi yẹn gbóná tó 170 °C. Igi àti èèpo kajú tí a fi gbé e gbóná ló ń bá a lọ sínú kòtò.

Iṣẹ́ àwọn tó wá dè é ló dùn mí. Ìtòsí ibi tí omi tuntun ń gbà wọlé ni wọ́n ki probe bọ̀. Bí pọ́ǹpù bá ti ta omi, nọ́ńbà á já wálẹ̀ láti 3,400 sí nǹkan bí 2,600, fáàfù á pa dé, bẹ́ẹ̀ omi tó kù nínú bọ́ílà ò yí padà. A pè wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Irọ́ ni. Ẹnjiníà kan láti Lọ́kọ́ja ló bá wa gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà tí bọ́ílà tutù, nọ́ńbà náà sì fìdí múlẹ̀.

Ẹ má gba ẹ̀rọ náà gbọ́ láìfi mítà ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá bu omi bọ́ílà láìjẹ́ kó gba inú kúlà (ohun tó ń mú omi tí a bù tutù) kọjá, apá kan á fò lọ bí ooru, èyí tó kù nínú ife á ki, nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Gbígbóná omi náà tún ń gbé nọ́ńbà sókè, nǹkan bí 2% fún °C kan. Ẹ jẹ́ kó tutù dé 25 °C. Omi ìdánwò 1,413 µS/cm inú ìgò ni mo fi ń yẹ mítà ọwọ́ fúnra rẹ̀ wò.

Bí nọ́ńbà ẹ̀rọ bá ń kéré sí ti mítà ọwọ́, èépá ti bo probe nìyẹn. Ẹ̀rọ á rò pé omi mọ́, á sì ti fáàfù pa, iyọ̀ á máa kó jọ láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ pa bọ́ílà, kí prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ tán pátápátá, kí ẹ tó yọ probe fọ̀.

Ẹ̀rọ náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ fáàfù ìsàlẹ̀. Òkè omi ló ti ń fa iyọ̀ jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sùn sí ìdí bọ́ílà ṣì ń fẹ́ kí èèyàn ṣí fáàfù ìsàlẹ̀ gbàgà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ojú sì wà lára gíláàsì omi.

Iná ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ bó ṣe rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá fáàfù náà máa ń pa dé fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, torí bó bá ṣí sílẹ̀, omi bọ́ílà á máa lọ ni. Tiwa ń pa dé. A ra probe kan sí i tì, torí Èkó ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, a ò sì lè pa bọ́ílà tì dè é nígbà tí kajú bá ti délẹ̀.